Ẹ Bá Mi Pa Iná Yẹn

Mo máa ń gba iná gbọ́. Tí iná pupa bá ti tàn lára ohunkóhun, ìbáà ṣe fíríìjì, ìbáà ṣe fóònù, mo ti dìde nìyẹn. Ìyàwó mi ní àwọn kan ń bẹ̀rù òkú, èmi ń bẹ̀rù gílóòbù. Kò parọ́.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi wa bọ́ọ̀sì elérò láti Ìdó. Lọ́dún tó kẹ́yìn, iná bíréèkì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn níwájú mi, ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì. Ó tú iwájú ọkọ̀ náà díẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, iná kú. Ó ní, "Ẹ wò ó, ó ti tán." Ní ọjọ́ kẹta, a ń sọ̀ kalẹ̀ látorí afárá, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi rì bí ẹsẹ̀ ẹni tó tẹ ẹrẹ̀. Èmi jáde. Kì í ṣe gbogbo wa la jáde. Irin kan wà nínú itan mi títí di òní. Tí òjò bá fẹ́ rọ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. N ò wa ọkọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Iṣẹ́ tí mo wá rí ni iṣẹ́ tó jókòó sójú kan. Màdáàmù kan ní Sùúrùlérè ra ọkọ̀ onílé kan, tòkunbọ̀. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ibi ìdáná wà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, àmọ́ kò ní ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ mìíràn ló ń fà á kiri. Àwọn tó ń ya fíìmù ló ń háyà rẹ̀, kí àwọn òṣèré ńlá lè ríbi pààrọ̀ aṣọ, kí wọ́n má sì máa wá igbó kiri. Èmi ni mò ń tọ́jú rẹ̀. Lábẹ́ ọkọ̀ náà ni táǹkì kan wà tó ń gba gbogbo ohun tó bá ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wá. Wọ́n gún irin ṣóńṣó mẹ́rin mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ibi tí ẹ̀gbin bá ga dé, irin ibẹ̀ á ránṣẹ́ sí pátákó kékeré kan lára ògiri, iná á sì tàn: aláwọ̀ ewé tí táǹkì bá ṣófo tí irin kankan ò ránṣẹ́, pupa tó bá kún, méjì mìíràn láàárín wọn. Sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é. Èmi ń pè é ní ọ̀gá mi.

Lọ́jọ́ kan, orí ọ̀gá mi dàrú. Ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fa táǹkì náà gbẹ tán, mo fi etí ara mi gbọ́ bó ṣe ń fọn. Mo wọlé, iná pupa ló ń wò mí lójú. Mo ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pa, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Máníjà àwọn tó ń ya fíìmù wá bá mi. Ọmọkùnrin Yábàá kan ni, ìbọ̀sẹ̀ funfun kì í kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀, fóònù méjì ló sì máa ń gbá mú létí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á tán ni?"

"Wọ́n fà á."

"Ó wá tún ti kún?"

"Iná ní ó kún."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ̀yin ní?"

"Èmi ò ní nǹkan kan. Iná ló ń sọ̀rọ̀."

Ó kọjú sí àwọn tó kù. "Ẹ wá wo Bàbá Iná Pupa o! Iná ń bá wọn sọ̀rọ̀!"

Orúkọ náà mọ́ mi lórí. Àǹtí tó ń ṣe olorì nínú fíìmù náà, tó di dandan kó máa gbé adé àti ìlẹ̀kẹ̀ lọ yá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ aládùúgbò lò, a máa kúnlẹ̀ fún mi tó bá ń kọjá. "Bàbá Iná Pupa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi iná yín bóyá mo lè mí."

Gbogbo ènìyàn ló di dókítà sẹ́ńsọ̀. Ẹni tó ń kun òṣèré lójú ní ayé ló ń ṣe é. Máníjà yẹ fóònù rẹ̀ wò, ó ní kí a pa á kí a tún un tàn. A pa á, a tún un tàn nígbà méje, ó ṣe bí ẹni pé à ń kí i. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń di ẹ̀rọ ohùn mú ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé ìnùdí ló lẹ̀ mọ́ àwọn irin náà, ni wọ́n fi rò pé àwọn ṣì wà nínú omi. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kéré, kì í sì í ṣe ènìyàn ńlá, nítorí náà kò sẹ́ni tó gbọ́.

Màdáàmù fúnra rẹ̀ ló pe rewáyà kan, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, wá láti Mùṣín. Níṣojú mi ló sọ fún un pé, "Mi ò fẹ́ rí iná pupa yẹn mọ́. Ẹ bá mi pa iná yẹn." Rewáyà rá pálá wọ abẹ́ ọkọ̀. Kò pẹ́ rárá, iná aláwọ̀ ewé tàn. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n sì tò sí ẹnu ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà bí ẹni ń gbẹ̀san. Ẹ̀wà àti dòdò ni wọ́n ń jẹ láràárọ̀, síbẹ̀ iná ní táǹkì ṣófo. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, mo dùbúlẹ̀ gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n ti gé wáyà tó ti ara irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, wọ́n fi téèpù dúdú wé ẹnu rẹ̀ dáadáa, bí ẹni di ojú egbò. Irin itan mi tutù. Mo wọlé lọ mú igi ìgbálẹ̀, mo tì í bọ ihò àwo ìgbọ̀nsẹ̀ lọ tààrà títí ó fi kan ìsàlẹ̀ táǹkì. Nígbà tí mo fà á jáde, ibi tó gbẹ lókè kò ju ìka mẹ́ta lọ.

Mo tún ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ wá wo bí wọ́n ṣe ń ya fíìmù. Màdáàmù náà wá, ó wé gèlè ńlá.

"Bàbá, iná aláwọ̀ ewé nìyẹn. Ṣé ẹ ò ríran mọ́ ni?"

"Mo rí i, mà."

"Ẹ̀yin tí iná ń bá sọ̀rọ̀!"

"Wọ́n ti gé ahọ́n rẹ̀, mà. Igi ìgbálẹ̀ ló bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. Màdáàmù ò rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣí ilẹ̀kùn yẹn, tàbí kí ẹ kó ẹrù yín kí ẹ máa lọ sílé."

Ohun méjì ni mò ń bẹ̀rù láyé: iná pupa àti ọ̀gá. Mo rántí owó ilé ìwé àbíkẹ́yìn mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, mà. N ò ní ṣí i."

Máníjà gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ Màdáàmù. "Ẹ jẹ́ kí n fi han Bàbá." Ó wọlé, a gbọ́ tó ń súfèé. A gbọ́ nígbà tó tẹ omi. Ìfé náà dákẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà ni mo ti rí i: omi náà gòkè wá jẹ́jẹ́ títí dé etí àwo, ó dúró síbẹ̀, ó ń mì. Ọmọkùnrin yìí náà dúró, kò mí. Lẹ́yìn náà ló bọ́ ìbọ̀sẹ̀ funfun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn jáde.

Ó rọra sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa pe àwọn tó ń fa ìgbẹ́."

Olorì ní, "Ṣé iná ló sọ bẹ́ẹ̀?"

Wọ́n fà á gbẹ. Ẹni tó ń di ẹ̀rọ ohùn mú tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ, lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbọ́. A da omi àti ọṣẹ sínú táǹkì náà dé ìdajì, a sì fa ọkọ̀ onílé náà yípo ẹ̀yìn Mùṣín. Kòtò tí a bá já sí, omi ọṣẹ á gbá àwọn irin náà létí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ìjọba fún ojú títì. Nígbà tí a da omi yẹn nù, ìwé ìnùdí tó bá a jáde tó rán aṣọ.

Wọ́n ní kí rewáyà wá so wáyà rẹ̀ padà. Ó so ó, iná sì ń sọ òtítọ́. Mo dúró tì í. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tí màá bi ní ìbéèrè yìí.

"Kí ló dé tí o gé e?"

Kò tilẹ̀ bínú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ ní kí n pa iná. Ṣé mo pa á àbí n ò pa á? Ta ló ní kí n tún táǹkì ṣe?"

Láti ìgbà tí mo ti fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀, tí mo bá ń ròyìn ọjọ́ afárá yẹn fún ènìyàn, orí mẹkáníìkì ni mo máa ń di gbogbo rẹ̀ lé. N kì í sọ ohun tí mo sọ fún un lọ́jọ́ tí mo gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. N ò ní kó wo bíréèkì. Mo ní àwọn èrò ti ń wò ó, ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Mo ní, ẹ bá mi pa iná yẹn.