Pèrègún tó Hù ní Ọ̀dàn Èkó Èndé

Béèyàn bá kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Èkó Èndé, ilẹ̀ á tẹ́ lọ bí ẹní. Koríko eruwà á máa mì lọ sọ́tùn-ún, á tún mì padà sósì, débi pé ẹni tó bá dúró pẹ́ níbẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé ilẹ̀ náà ń mí. Ibẹ̀ ni Margaret Ọmọ́dára, ọmọ Ìnísà, kó lọ lẹ́yìn tí Titus ọkọ rẹ̀ kú.

Ẹgbẹ́ mi ni. Ilé ìwé girama kan náà la jọ jáde, aṣọ ló sì ń tà ní Ìkìrun láti ìgbà náà. Nígbà tó sọ pé ọ̀dàn lòun ń lọ, àwa obìnrin ìjọ gbàdúrà fún un, a sì ń fojú bára wa sọ̀rọ̀ kí Àmín tó parí. Dámilọ́lá ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun n'Íbàdàn. Margaret ní ògiri aládùúgbò ni fèrèsé yàrá tí wọ́n fẹ́ fún òun kọjú sí, òun sì ti wo ògiri tó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Adérógbà, olórí ẹbí tó nilẹ̀, fún un láyè pẹ̀lú àdéhùn tí gbogbo wa mọ̀. Àlejò lè gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ohun tí à ń gbìn tí à ń kórè. Kò gbọdọ̀ gbin igi. Igi máa ń pẹ́ láyé ju àdéhùn lọ.

Ó kọ́ ilé alámọ̀ oníyàrá méjì, ó fi páànù bò ó. Láàárọ̀, á gbàdúrà síta gbangba, àwọn ẹyẹ awó inú koríko nìkan ló ń dá a lóhùn. Bó bá fẹ́ bá Dámilọ́lá sọ̀rọ̀, orí òkìtì ọ̀gán ló ń gùn, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀. Nírọ̀lẹ́, oòrùn á tóbi, á pọ́n, á rọra wọ inú koríko lọ láìpariwo. Ó sọ fún mi pé nígbà mìíràn òun kì í mọ̀ bóyá òun ń ronú ni tàbí òun ti sùn.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, iná ọ̀dàn jó dé ahoro kan lẹ́bàá omi. Àwọn igi tín-ín-rín kan dúró síbẹ̀, wọ́n dúdú, wọn kò léwé kankan. Margaret ń wá òpó fún ọgbà adìyẹ rẹ̀, ó gé wọn, ó sì rì wọ́n mọ́lẹ̀ yípo. Òkú igi ló pè wọ́n.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Àwọn òpó náà yọ ewé gígùn, tútù, lórí gbogbo wọn. Pèrègún ni. Igi tí baba ńlá wa fi ń pààlà ilẹ̀ ni àlejò yìí gbìn yí ọgbà adìyẹ rẹ̀ ká.

Kò tíì rí i rò tán tí Bàbá Adérógbà fi dé, pẹ̀lú Kọ́láwọlé àbúrò wọn. Margaret kúnlẹ̀. Bàbá kò jẹ́ ìkíni. Wọ́n rìn yí ọgbà náà ká, wọ́n ń fọwọ́ kan ewé.

“Ìyá Dámilọ́lá, ta ló pín ilẹ̀ fún yín?”

Ó ṣàlàyé iná, ó ṣàlàyé adìyẹ. Kọ́láwọlé ní àwọn ti gbọ́, ṣé orúkọ àkùkọ ni wọ́n máa kọ sórí ìwé ilẹ̀ ni. Ó ní kó kẹ́rù rẹ̀, bí àlejò ṣe ń di onílẹ̀ nìyí. Margaret ní òun á hú gbogbo rẹ̀ lójú wọn. Kọ́láwọlé ní ihò tó bá kù nílẹ̀ náà á máa jẹ́rìí. Margaret sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ògiri Ìbàdàn yẹn lòun ń rí.

Bàbá jókòó sórí odó tó wà nídojúdé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, koríko ń lọ, ó ń bọ̀. Wọ́n kọjú sí àbúrò wọn.

“Kọ́láwọlé, ṣé o ti rí ààlà tó lórùlé rí?”

Ó ní òun kò rí i.

“Èmi náà ò rí i. Ẹ lọ gé koríko bẹẹrẹ wá. Ẹ fi bo nǹkan yìí lórí kí n tó kúrò ńbí. Bó bá ti lórùlé, ilé adìyẹ ni.”

Báyìí ni ẹni tó ní kó kẹ́rù ṣe gun òpó, tó ń di koríko mọ́ igi, tó ń ráhùn pé adìyẹ ti sọ òun di kọ́lékọ́lé. Margaret ń na bẹẹrẹ sí i láti ìsàlẹ̀, ó sì ń rọra kí i pé ó kú iṣẹ́. Bàbá ń wò wọ́n títí oòrùn fi rọ̀, wọ́n sì gba omi mu. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kó má ṣe jẹ́ kí òrùlé yẹn jò láé.

Kò sì jò. Òjò kan kì í kọjá kí Margaret má tún un ṣe. Ewé pèrègún ti yọ láàárín koríko òrùlé báyìí. Bí mo bá ń lọ kí i, ilé adìyẹ náà ni mo ń kọ́kọ́ rí lókèèrè, tútù minimini lórí ọ̀dàn, bí ẹni pé ilé kan ń lá àlá pé igi lòun. Àwọn adìyẹ kò tilẹ̀ sùn níbẹ̀. Abẹ́ ibùsùn Margaret ni wọ́n ń sùn.