Tíkẹ́ẹ̀tì Ní Èkó, Èmi Ní Erúnmu

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló kọ́ mi ní ọgbọ́n náà. Èmi kọ́ ni mo rò ó. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, wọn kò sì dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn ní irú ẹ̀.

"Bàbá," ó ní, "bàálù tó ń lọ tààrà sí Ìbàdàn ti wọ́n jù. Èyí tó ń lọ sí Èkó, Ìbàdàn ló máa kọ́kọ́ balẹ̀ sí, á já àwọn kan sílẹ̀ kó tó tẹ̀ síwájú. Tíkẹ́ẹ̀tì ti Èkó yẹn ló pọ́ọ́kú, òun ni mo rà fún yín. Tó bá ti balẹ̀ ní Ìbàdàn, ẹ ṣáà bọ́ọ́lẹ̀, kí ẹ máa lọ sílé."

"Kí n má dé Èkó?"

"Kí lẹ fẹ́ lọ ṣe ní Èkó?"

"Tí wọ́n bá wá mi ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó máa wá yín. Ẹ má ṣáà kó ẹrù fún wọn kí wọ́n gbé e sísàlẹ̀, torí Èkó ni ìyẹn máa bá ara ẹ̀. Kí ẹ sì má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo rò ó títí, n kò rí ìdí ẹ̀. Ọlọ́kadà wo ló máa gbé ọ kọjá ilé rẹ dé oko, tí owó ẹ̀ á wá kéré sí ti ẹni tó já sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà? Tí ẹnikẹ́ni bá dán an wò ní Erúnmu ìlú wa lẹ́bàá Ìbàdàn, a ó ní orí ẹ̀ kò pé. Ṣùgbọ́n n kò ráyè jiyàn. Ìsọmọlórúkọ di ọ̀la.

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tí ọmọkùnrin yìí ní ló bímọ. Ó ti wojú Ọlọ́run pẹ́ débi pé, tí ọmọ kan bá sunkún nítòsí, àwa ará ilé á sáré dá ọ̀rọ̀ mìíràn sílẹ̀ níwájú ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ bàbá wọn ti kú, èmi ni mo dúró bíi bàbá. Ojú tó ń dùn mí ni mo bá lọ sí Àbújá, ibẹ̀ ni mo wà tí ọmọ náà fi dé ṣáájú ìgbà tí a ń retí ẹ̀, dókítà kò sì tú mi sílẹ̀ títí ìsọmọlórúkọ fi ku ọ̀la. Ọmọ wa tó bímọ yìí pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, wòlíì ìjọ ọkọ mi ní òun kò lè dúró dẹnì kankan, òun tún ní ìsìn mìíràn. Tí ẹ ò bá dé, ẹbí ọkọ mi ló máa sọ gbogbo orúkọ yẹn tán. Ẹ má jẹ́ kí ó dà bíi pé n kò nílé bàbá."

Báyìí ni èmi, tí mo gba títì lọ sí Àbújá torí pé ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ kúrò nílẹ̀, ṣe wọ bàálù láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Lóòótọ́, mo ti jẹ́rìí rí nínú ìjọ wa pé n kò bẹ̀rù ohunkóhun tó wà lókè. Ilẹ̀ ni mo dúró lé nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Nígbà tí bàálù sáré tó sì gbéra, mo di apá àga mú gírígírí, mo di ojú, mo bẹ̀rẹ̀ sáàmù. Obìnrin tó jókòó tì mí rọra sọ̀rọ̀.

"Bàbá, apá mi lẹ dì mú o. Ti àga ló wà lọ́wọ́ òsì yín."

Mo bẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa dì í mú lọ.

Ìgbà tí mo jàjà lajú, háà! Ìkùukùu wà nísàlẹ̀ wa bí ìgbà tí ẹnìkan da òwú sílẹ̀ sá. Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, n kò mọ èyí tí ǹ bá ṣe. Nígbà tó yá, mo rí àwọn òrùlé pupa, mo rí oko ẹ̀gẹ́, mo rí títì kan tó dà bí èyí tó lọ sí Lálúpọn. Mo pariwo pé, "Ilé wa nìyẹn!" Àwọn tó wà níwájú yíjú padà wò mí.

A balẹ̀ ní Alákìá, pápá bàálù Ìbàdàn. Àwọn èrò Ìbàdàn ń bọ́ọ́lẹ̀. Kí n kàn tẹ̀ lé wọn ni o, kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí mi kò gbà kí n kúrò níbì kan láìdágbére. Títí di òní, tí mo bá wọ ọkọ̀ láti Lálúpọn, mo ń dágbére fún awakọ̀ àti gbogbo èrò kí n tó sọ̀. Ẹnu mi kò sì béèrè lọ́wọ́ mi. Mo kí obìnrin tí mo dì lápá. Mo kí àwọn tó wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà, mo kí ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò.

"Ọmọ mi, ẹ ṣeun gan-an. Ibí ni tèmi parí sí. Ẹ bá mi kí àwọn ará Èkó o."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ẹ̀. "Bàbá, ṣé Èkó lẹ̀ ń lọ ni?"

"Tíkẹ́ẹ̀tì ló ń lọ sí Èkó. Èmi ń lọ sí Erúnmu."

"Ẹ dúró ná, sà." Ó na ọwọ́ dí ọ̀nà, ó sì ránṣẹ́ pe ọ̀gá ẹ̀.

Mo ti rí ara mi lágọ̀ọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n ń béèrè ohun tí Èkó ṣe mí. Ọ̀gá náà jáde wá, ọkùnrin gíga kan tó so okùn wúrà mọ́ èjìká. Kó tó lanu, mo ti ń jẹ́wọ́.

"Ọ̀gá, ẹ dárí jì mí! Ọmọ wa ló bímọ. Bàbá ẹ̀ ti kú, èmi ni mo máa sọ orúkọ ilé wọn. Wòlíì kò sì ní dúró!"

Obìnrin tí mo dì lápá dìde lẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kí bàbá máa lọ sọ ọmọ lórúkọ jàre!"

Ọkùnrin kan ní, "Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ ní Èkó?" Gbogbo bàálù bú sẹ́rìn-ín.

Obìnrin kan tó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín. Ó fà mí láṣọ, ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá gbé ọmọ náà, ẹ rántí mi o. Èmi náà ń retí." Mo gbé ọwọ́ lé e lórí níbẹ̀, mo súre fún un, gbogbo èrò sì ń ṣe àmín.

Ọ̀gá náà dúró kí a ṣe àmín tán. Ó béèrè bóyá mo lẹ́rù nísàlẹ̀. Mo na báàgì kékeré tó wà ní apá mi sí i, pé gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

"Bàbá, kò sẹ́ni tó máa mú yín. A kàn gbọ́dọ̀ mọ iye èrò tó kù, ká sì mọ̀ pé ẹ ò fi ẹrù sílẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti sọ̀ báyìí, a ò ní lè gbé yín dé Èkó mọ́ o."

"Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé mi!"

N kò mọ bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn yẹn. Mo já sí títì, mo bẹ́ mọ́ ọ̀kadà, èmi tí mo di apá obìnrin olóbìnrin mú lókè sì ń pariwo sétí ọlọ́kadà pé kó máa sáré sí i.

A kò tíì dé ẹnu ọ̀nà ilé ọkọ ọmọ wa ní Erúnmu tí mo fi gbọ́ orin. Wòlíì ti mú ṣíbí oyin lọ́wọ́. Ìyá ọkọ ọmọ wa ló kọ́kọ́ rí mi.

"Àna wa, ṣé ẹsẹ̀ lẹ fi rìn láti Àbújá ni?"

"Òkè ni mo gbà, ẹ̀yin àna wa," mo ní. N kò lè mí dáadáa.

Ọmọ wa dìde lórí àga, kò dúró kí ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó gbé ọmọ náà lé mi lọ́wọ́. Ó fúyẹ́ bí ẹyẹ, ó ń sùn. Mo pe orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi ì bá pè ká ní ó wà láyé. Gbogbo ilé gbà á lẹ́nu mi, wọ́n ń pè é, ọmọ náà ya ẹnu, ó tún padà sùn.

Nígbà náà ni ọmọ wa kọjú sí ẹbí ọkọ ẹ̀, omijé ń dà lójú ẹ̀, ó pariwo débi pé àwọn ará àdúgbò gbọ́: "Ilé bàbá mi ló sọ ọ́ o! Ẹ tún un pè!"

Wọ́n sì tún un pè.