Búrẹ́dì Ìdànrè

Nígbà tí orúnkún ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ lẹ́nu, mo lọ gbé e kúrò ní Ẹ̀pẹ́ wá sí ilé mi ní Ìkòròdú. Mi ò bi í bóyá ó fẹ́ bá mi wá. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni tiwọn ní Ẹ̀pẹ́, yàrá rẹ̀ wà lókè, ó sì ń dá gbé láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ ṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní gbọ́. Ilé tèmi wà nílẹ̀, nínú ẹ̀sítéètì tó ní géètì, ilé ìwòsàn ò sì jìnnà sí wa. Lójú ara mi, mo ti ṣe ohun tí ọmọ gidi ń ṣe.

Àmọ́ obìnrin tó ti fi ogójì ọdún ta ẹja létí ọ̀sà, tí gbogbo ẹni tó ń kọjá ń dúró kí, ni mo wá fi sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Kí oṣù tó pé, ó ti ń ṣẹ́ oúnjẹ kù. Láràárọ̀, kí n tó sáré jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, á bi mí pé, "Ìgbà wo lo máa gbé mi lọ sílé?" Èmi náà á ní, "Ẹ jẹ́ kí orúnkún yín kọ́kọ́ sàn ná." Àwa méjèèjì la mọ̀ pé mi ò ní in lọ́kàn. Mo fẹ́ kó máa bá mi gbé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa ló sọ fún mi pé fídíò wà lórí fóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń rìn kiri àwọn ibi ìgbafẹ́ ilẹ̀ wa, tí èèyàn á sì jókòó sílé máa bá wọn rìn. Mo ní oògùn ìyá mi rèé. Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo sọ fún un pé, "Ẹ múra o, lọ́la à ń lọ sí Ìdànrè." Mo gbàgbé láti sọ ìyókù.

Nígbà tí mo jí lọ́jọ́ Sátidé, ìyá mi ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ, ó ti da ìborùn funfun sórí, báàgì rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo tan tẹlifíṣọ̀n, mo so fóònù mọ́ ọn, mo sì nawọ́ sí i. Ó wò mí títí. Ó pòṣé. Àmọ́ kò bọ́ ìborùn rẹ̀. Ó ní, "Bisimilahi," ó ka àdúrà arìnrìn-àjò, ó sì ní kí n wa ọkọ̀ náà lọ.

Ọkùnrin tó ń ya fídíò náà ń gun àtẹ̀gùn òkè ọ̀hún, ìyá mi ń fọwọ́ pa orúnkún tirẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìyá mi ní, "Ẹ jókòó díẹ̀ kẹ̀, ta ló ń lé yín?" Mo rẹ́rìn-ín títí omijé bọ́ lójú mi.

Fídíò parí. Ìyá mi mí kanlẹ̀, ó ní, "A lọ ire, a bọ̀ ire. Kí la wá mú bọ̀?"

Mo ní ibo la lọ tí a ó fi mú nǹkan bọ̀. Ojú rẹ̀ le. Ó ní òun ò tọ́ mi kí n máa ti ìrìn-àjò dé kí n máa gbọn ọwọ́ méjèèjì wọlé. Ó ní àwọn ará ilé ń retí. Ta ni ará ilé? Ó nawọ́ sí ilé aládùúgbò wa. Mo bínú, mo wọ bàtà, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ sí gáréèjì Ìkòròdú, mo ra búrẹ́dì méjì láàárín àwọn tó ń pe èrò.

Nígbà tí mo dé, ó ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé búrẹ́dì kan fún ìyàwó aládùúgbò wa. Ó ní, "Ìdànrè la lọ, èyí ni tiyín." Obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú àbọ̀, Màmá. Ṣé ọ̀nà ò burú?" Ìyá mi ní, "Àtẹ̀gùn ló pọ̀." Lọ́jọ́ yẹn, ó jẹ ẹ̀bà rẹ̀ tán, ó sì fọ abọ́ náà mọ́ tónítóní.

Bí a ṣe sọ ọ́ di àṣà nìyẹn. A lọ sí Ìkọ̀gòsì, ó ní omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn pọ̀ yẹn, bí orogún tó gbọ́n ni wọ́n rí. A lọ sí Òkè Olúmọ. Ní Yankari, ó bú ìnàkí tó já oúnjẹ gbà lọ́wọ́ àlejò. Ní Obudu, nígbà tí wọ́n wọ ọkọ̀ tó ń rìn lórí okùn, ó di apá àga mú, ó ní kí dẹ́rẹ́bà rọra. Gbogbo ibi tí a bá lọ la ń mú nǹkan bọ̀, gáréèjì Ìkòròdú sì ni mo ti ń ra gbogbo rẹ̀. Aládùúgbò wa pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bi mí bí mo ṣe ń gbé Màmá lọ sí òkè Ọya tí a sì ń padà lọ́jọ́ kan náà. Mo ní Ọlọ́run ló ń ṣe é.

Ìyá mi ò béèrè ilé mọ́. Mo rò pé mo ti borí.

Ní Sátidé kan, mo ní kí òun fúnra rẹ̀ mú ibi tí a máa lọ. Ó ní, "Ẹ̀jìnrìn." Mo wá a títí. Fídíò tí mo rí, ọ̀dọ́kùnrin kan ló ń sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀ nínú mọ́tò, kò tiẹ̀ dé etí omi. Ìyá mi ní kí n pa á.

Ó di ojú rẹ̀. Ó ní òwúrọ̀ ni, ọ̀sà parọ́rọ́, òun wà ní àárín ọkọ̀ ojú omi, ìyá òun wà lẹ́yìn, agbọ̀n ẹja wà níwájú. Ó sọ ibi tí atẹ́gùn ti máa ń yí padà, ibi tí wọ́n ti ń mu gààrí, ibi tí èèyàn á ti máa gbọ́ ariwo ọjà Ẹ̀jìnrìn kí ojú tó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń wa ọkọ̀ lórí apá àga. Àìmọye ìgbà ni mo ti gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ kọjá, mi ò yà síbẹ̀ rí.

Nígbà tó la ojú, ó ní, "Gbogbo ibi tí o mú mi lọ ló dára. Ṣùgbọ́n ilé làbọ̀ ìsinmi oko. Láti ọjọ́ tí o ti gbé mi wá, orí ìrìn ni mo ṣì wà."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ojú tì mí pẹ̀lú. Mo ní, "Ẹ má bínú, Màámi. A ó lọ sílé."

Nígbà tí a dé Ẹ̀pẹ́, mo ní kí wọ́n gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ wá sí yàrá ìsàlẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ obìnrin, tí ilé rẹ̀ kò jìnnà, gbà láti máa sùn tì í. Mo ra fóònù tó ń fi ojú hàn fún un. Ẹkún ni mo sun padà wá sí Ìkòròdú.

Sátidé tó tẹ̀lé e, fóònù mi dún. Àgbọ̀n ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àjà ilé.

"Ṣé o ti múra?"

Mo ní mo ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Lọ wẹ̀. À ń jáde."

Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ, mo wé gèlè. Wọ́n gbé àga rẹ̀ sétí ọ̀sà, ó sì mú mi yíká: ọkọ̀, àwọ̀n, ẹja òbòkún nínú agbada, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń juwọ́ sí mi. Ìdajì rẹ̀ ni mi ò rí, torí àtàǹpàkò rẹ̀ wà lójú fóònù.

Ní ọ̀sán, dẹ́rẹ́bà kan pè mí láti gáréèjì Ìkòròdú. Mo lọ bá a. Ó gbé ẹja yíyan lé mi lọ́wọ́, ìborùn funfun kan ni wọ́n fi dì í.

Ó ní, "Ìyá kan ló fi rán mi. Wọ́n ní ẹ gbàgbé ẹrù yín nígbà tí ẹ wá kí àwọn láàárọ̀."

Mo pín in sí méjì, mo gbé ìdajì fún aládùúgbò wa. Mo ní, "Ẹ̀pẹ́ ni mo lọ." Ó ní, "Ẹ kú àbọ̀. Ṣé ẹ bá Màmá láyọ̀?"

Mo ní mo bá wọn láyọ̀.