Ẹ̀rọ Tó Ní Ilé Wa Ò Yẹ̀

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ibi tí àpáta ti ń là. Èmi ọmọ etí òkun, tí mi ò fojú kan òkúta gidi títí mo fi jáde ìwé mẹ́wàá, èmi ni wọ́n gbà pé kí n máa ṣọ́ òkè Ìdànrè. A ó gbé ẹ̀rọ léésà kalẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán òkè, yóò máa ta ìmọ́lẹ̀ sára àpáta, yóò sì máa wọn bó ṣe jìnnà tó, títí yóò fi ya gbogbo ara òkè náà sínú kọ̀ǹpútà. Tó bá di ọdún kejì, a ó tún un yà, a ó gbé àwòrán méjèèjì lé ara wọn. Ibi tó là tó bá ti fẹ̀ sí i yóò hàn, a ó sì ní kí àwọn tó ń gbé nísàlẹ̀ kó kúrò. Àwọn ń ríbi kó lọ.

Ìyá mi ń gbé lápá Abereke, nínú ilé pákó tó dúró lórí òpó igi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òkun ti lé ilé náà. Lẹ́ẹ̀mejèèjì la tú pákó rẹ̀, tá a fi ọkọ̀ kó o sẹ́yìn, tá a tún un kàn. Ní báyìí, ẹ̀yìn ti tán. Irà ló kù. Àwọn àbúrò rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní Igbókòdá, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun ò ní torí ogbó di àlejò ní yàrá ẹlòmíì.

Ó sọ fún mi pé, “Gbé ẹ̀rọ rẹ wá, ọma mi. Bó bá ní ilé mi ń yẹ̀, màá lọ.”

Mo tọrọ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ọ̀gá mi, mo gbé e lé itan nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Lórí òkè, orí àpáta tí kì í mì là ń gbé e lé. Nílé wa, kí ni kì í mì? Mo gbé e sórí afárá pákó tó gba iwájú ilé gbogbo wa kọjá, mo sì ya ilé ìyá mi.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo tún un yà lójú ibẹ̀ gan-an. Àwòrán méjèèjì dọ́gba. Inú ìyá mi dùn. Ó ṣa ẹja tó tóbi jù nínú èyí tó ń yan, ó ní tèmi ni. Èmi ń tú ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lórí afárá nígbà tí mo rí i pé bàtà mi ti rin. Lọ́dún tó kọjá, tí omi kún báyìí, mo jókòó síbẹ̀, mo fi ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, omi ò kàn mí. Ilé wa, ilé aládùúgbò, afárá àti ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn jọ ń rì ni. Kò sí èyí tó yẹ̀ lára èkejì.

Mo sọ fún un.

“Gbogbo abúlé?”

“Gbogbo abúlé, Ìyé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ló wí, ó ń yí ẹja rẹ̀. “Mo rò pé tèmi nìkan ni. Bó bá jẹ́ gbogbo wa, mi ò lọ síbì kankan.”

Mo bínú, mo sunkún, ó fi mí sílẹ̀ kí n sunkún tán. Nígbà tí mo fẹ́ wọkọ̀ padà, mi ò ní láti sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Láti orí afárá, mo kàn gbẹ́sẹ̀ sínú rẹ̀ ni.