Àkùkọ Bàbá àti Fèrèsé Ilé Ìdáná

Bàbá ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ó sì sọ ọ́ bí ẹni pé n kò sí níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Mo rántí ìgbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ìkẹ́rẹ́, tí Ìpínlẹ̀ Èkìtì fúnra rẹ̀ ṣì kéré lọ́jọ́ orí. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń fẹ́ ọmọ tíṣà àgbà kan ní Èmùré. Àwọn tí bàbá náà kọ́ níwèé dá ọjọ́ kan tí wọn yóò wá kí i láti ọ̀nà jíjìn. Ó ní kí n ṣe ojú-ewé kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì: kí àlejò kọ orúkọ rẹ̀, kó sì rí ilé tí yóò sùn sí. Kò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n a mọ̀: bí àlejò kan bá sùn síta, kí n gbàgbé ọmọ òun.

Ọlọ́gbọ́n ni mí nígbà náà, lójú ara mi. Mo da ohun gbogbo pọ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo: àwọ̀, àwòrán, àti apá tó ń gba ìbéèrè, tó sì ń wá ìdáhùn sí i. Bàbá sì fẹ́ràn ọ̀ṣọ́, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń kùn ún. Ó sọ ọ́ di àwọ̀ ewé, ìdáhùn ò jáde mọ́. Ó fi àkùkọ tó ń jó sí i, ojú-ewé bá ń rán gbogbo ènìyàn lọ sùn lọ́dọ̀ àkùkọ. Dókítà kan lára àwọn àlejò náà tẹ̀ wá láago, ó ní ṣé ilé adìẹ ni ti òun ni?

“Ọmọ Ìkẹ́rẹ́,” bàbá ní, “o fẹ́ dójú tì mí!”

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Ṣé o ò rí ulé wa ni? Bàbá ń kí àlejò ní pálọ̀, màmá ń se oúnjẹ lẹ́yìn. Ojú fèrèsé kékeré àárín yẹn ni abọ́ ń gbà kọjá. Ọjọ́ tí bàbá wọ ilé ìdáná, ṣebí ọbẹ̀ ló dà nù.”

“Mo kàn fẹ́ tọ́ ọ wò ni!” bàbá fi ìbínú dáhùn.

Mo bá pín iṣẹ́ náà sí méjì. Pálọ̀ ni ojú tí ènìyàn ń rí. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún bàbá. Ilé ìdáná, apá tó ń wá ìdáhùn, ń gba orúkọ lójú fèrèsé, ó ń fi ìdáhùn nìkan ránṣẹ́ padà, kì í bi ẹnikẹ́ni léèrè àwọ̀. Nígbà tí ọjọ́ pé, bàbá ti fi yẹ́lò kọ̀wé sórí yẹ́lò, kò sẹ́ni tó lè kà á. N kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Mo kọ́ pálọ̀ mìíràn, funfun báláú, mo sì lu fèrèsé tirẹ̀ sí ilé ìdáná kan náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àlejò ti rí ibùsùn.

Ó fọmọ fún mi. Títí dòní, nínú pálọ̀ ilé rẹ̀, yóò máa sọ fún mi bí àkùkọ òun ṣe kó àlejò wọlé. Èmi a máa mi orí, ìyàwó mi á na abọ́ iyán sí wa láti ojú fèrèsé, á sì ṣẹ́jú sí mi. Ìwọ tó ń gbọ́ mi, ká ní ìwọ ni, ṣé wàá sọ òtítọ́ fún un kí iyán tó kọjá tán?