Péjú Onídìrí àti Ẹ̀rọ Tó Ń Wo Ọpọlọ

Bí ẹ bá dé Isikan ní Àkúrẹ́, tí ẹ sì béèrè ṣọ́ọ̀bù Péjú Onídìrí, ẹni tí ẹ kọ́kọ́ bi ló máa mú yín débẹ̀, á sì tún bá yín jókòó, torí pé ibẹ̀ dùn ún jókòó sí. Adépéjú ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Oǹdó níbi tí wọ́n ti bí i. Àwọn àgbà àdúgbò ń pè é ní Ìyá Ìmọ́lẹ̀, nítorí Ìmọ́lẹ̀ayọ̀ ọmọ rẹ̀. Obìnrin náà sanra díẹ̀, ó máa ń sọ̀rọ̀ sókè, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń dé ọ̀nà kí òun fúnra rẹ̀ tó dé. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sì í fa irun ya. Ẹni tó bá di irun fún kì í fi omijé sùn.

Péjú kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni. Ọlọ́kadà tó bá gé e lójú ọ̀nà, ó di dandan kó gbọ́ ìtàn ìran rẹ̀ lẹ́nu Péjú. Ọjọ́ tí àwọn agbowó-orí wá bá a pẹ̀lú ìbínú, ẹ̀rín ni wọ́n rín kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tó ń bà á lẹ́rù, tí kò sọ fún ọkọ, tí kò sọ fún ọmọ. Ẹ̀rù ń bà á pé ayé á mọ̀ pé olódo ni òun.

Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un? Tíṣà ni. Nígbà tó wà ní ọmọdé, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Oǹdó, ìṣirò kan dà á láàmú lójú pátákó. Mìsíìsì Akínbọ̀wálé tó ń kọ́ wọn gbé e gun orí bẹ́ǹṣì, ó yí ojú rẹ̀ sí kíláàsì, ó ní, “Ẹ wò ó dáadáa. Bí olódo ṣe máa ń rí nìyí.” Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bí Péjú ṣe parí ìwé mẹ́fà, kò wo ẹ̀yìn mọ́, ó gba ìdí irun lọ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́: ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí èyí ti ṣẹlẹ̀, Péjú ti di ìyàwó ilé, ó ti di ọ̀gá onídìrí, síbẹ̀ bí wọ́n bá ní kó kọ orúkọ rẹ̀ síbì kan, ọwọ́ rẹ̀ á máa làágùn.

Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ọ̀mọ̀wé kan wá gba òkè ilé alájà kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Wọ́n ní ìmọ̀ nípa ọpọlọ àti ọkàn ènìyàn ni àwọn fẹ́ máa wá, àwọn sì fẹ́ máa kọ́ ará ìlú náà ní ọjọ́ Sátidé. Iṣẹ́ kálukú wọn yàtọ̀. Dókítà Sherifat ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ. Babájídé, ọ̀dọ́kùnrin tó ga bí igi ọ̀pẹ, ẹ̀rọ ni tirẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ọláwuyì ń kọ́ni ní èdè Yorùbá àti àṣà. Àríyànjiyàn wọn nìkan tó oúnjẹ. Dókítà á ní ọpọlọ la fi ń ronú. Ọláwuyì á ní kí ló wá dé tí Yorùbá fi ń sọ pé inú mi dùn, tí a kì í sọ pé ọpọlọ mi dùn? Babájídé á ní kí wọ́n pa ẹnu mọ́, kí ẹ̀rọ sọ tirẹ̀. Wọ́n á jà, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á wá ra ẹ̀pà jẹ. Àṣé bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe ń rí, tí ẹnikẹ́ni kò gun bẹ́ǹṣì!

Ẹ̀rọ náà ní fìlà kan, wáyà ló kún ara rẹ̀. Bí wọ́n bá fi dé ènìyàn lórí, ìlà á máa fò sókè fò sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà, wọ́n ní iṣẹ́ tí ọpọlọ ń ṣe ló ń hàn bẹ́ẹ̀. Àmọ́ wáyà gbọ́dọ̀ kan awọ orí, irun àwọn obìnrin wa sì nípọn. Ni Dókítà bá sọ̀ kalẹ̀ wá bá Péjú. Wọ́n jọ wo fìlà, wọ́n jọ wo irun, wọ́n sì jọ pinnu pé kí Péjú máa di pàtẹ́wọ́ fún àwọn obìnrin tó bá wá, kó fi àyè sílẹ̀ láàárín ìdì kan sí èkejì níbi tí ojú wáyà máa jókòó sí. Iṣẹ́ náà dùn mọ́ ọn dé ọ̀run. Oníbàárà kankan kò lè jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ mọ́ kó má gbọ́ pé, “Èmi àti àwọn dókítà ọpọlọ la jọ ń ṣiṣẹ́ báyìí o.”

Àfi bó ṣe di ọjọ́ kan tí Dókítà Sherifat wò ó tìfẹ́tìfẹ́, tó ní, “Ìyá Ìmọ́lẹ̀, gbogbo Isikan lẹ ti di irun fún. Ìgbà wo lẹ̀yin máa jókòó fún wa?”

Péjú yára bẹ̀rẹ̀ sí í kó òòyà rẹ̀ jọ. Ó ní òun ń gbààwẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún bi í, ó ní orí ń fọ́ òun. Nígbà kẹta, ó ní pásítọ̀ òun lálàá rí wáyà. Bí Ọláwuyì ṣe gbọ́ èyí, inú rẹ̀ dùn bí ẹni rí owó he. Lọ́jọ́ Sátidé, ó dìde, ó ṣàlàyé títí ẹnu fi bó o: pé Yorùbá kì í fi orí ṣeré, pé orí lẹlẹ́dàá ẹni, pé bí èèyàn kò bá gbà kí wọ́n fọwọ́ kan orí òun, ó nídìí. Péjú jókòó sẹ́yìn, ó ń mi orí bí alángbá. Irọ́ ńlá! Ta ló ń sọ ti ẹlẹ́dàá? Ohun tí Péjú ń rí ni pé bí ìlà bá ti ń fò lójú kọ̀ǹpútà, Babájídé á mi orí, á sì kọ nǹkan sílẹ̀. Ó dá a lójú pé máàkì ló ń fún wọn. Ọjọ́ tó bá kan òun, ìlà á dúró gbagidi, gbogbo wọn á sì mọ irú ẹni tí òun jẹ́.

Báyìí ni wọ́n wà tí ìròyìn fi dé láti Oǹdó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Bímbọ́lá pè wọ́n pé ìgbàgbé ti ń bá ìyá òun jà. Ó lè fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó lè máa wá gíláàsì tó wà lójú rẹ̀. Dókítà ní àwọn ń bọ̀ wá bá a nílé. Péjú kó òòyà rẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n ra bọ̀ọ̀lì ní Ọ̀wẹnà, wọ́n fi díẹ̀ pamọ́ fún ìyá náà, wọ́n jẹ ìyókù dé àdúgbò Yaba ní Oǹdó, Péjú ń dá wọn lẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wọlé.

Ẹ̀rín náà parí lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Bímbọ́lá tó jókòó sórí àga nínú ilé, Mìsíìsì Akínbọ̀wálé ni!

Ó ti gbó, ó ti rù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì nà gbọọrọ. Péjú kúnlẹ̀, ó kí i. Màmá dáhùn, kò dá a mọ̀ rárá. Péjú fẹ́ sọ pé òun gbàgbé òòyà sí Àkúrẹ́, àmọ́ òòyà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í di irun. Irun náà funfun, ó rọ̀ bí òwú, ọwọ́ Péjú sì ń gbọ̀n níbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ, Màmá tajú kán rí Babájídé tó fara ti ògiri. “Ìwọ géńdé yìí, dúró dáadáa!” Babájídé nàró ṣánṣán. Péjú náà nàró. Ọláwuyì pàápàá bọ́ ọwọ́ kúrò lápò.

Irun parí, ó wuyì. Babájídé gbé fìlà oníwáyà jáde. Màmá rí i, ó fa gèlè rẹ̀ yọ lábẹ́ ìrọ̀rí, ó fi wé orí pinpin.

“Mi ò ṣe mọ́.”

“Kí ló dé, Màámi?” Bímbọ́lá ló béèrè.

“Mo ń gbààwẹ̀.”

“Ààwẹ̀ kẹ̀? Bọ̀ọ̀lì tí wọ́n mú wá fún yín ni ẹ sì ń jẹ lẹ́nu yẹn!”

Màmá gbé e mì. “Orí ń fọ́ mi. Àlùfáà wa náà kò sì fọwọ́ sí i.”

Dókítà Sherifat bẹ̀ ẹ́ pé bí àwọn kò bá wo bí ọpọlọ rẹ̀ ṣe ń ṣe, kò ní rọrùn fún àwọn láti mọ ìrànlọ́wọ́ tí àwọn máa ṣe. Màmá yí ojú sí fèrèsé. Ni Ọláwuyì wa bá sún mọ́ iwájú, ó wú ikọ́, ó ní, “Màmá, a mọ̀ pé orí ẹni lẹlẹ́dàá ẹni. Ẹnìkan kì í fá orí lẹ́yìn olórí...”

Péjú kò gbọ́ ìyókù. Ààwẹ̀. Orí fífọ́. Àlùfáà. Irọ́ òun gan-an nìyẹn, bó ṣe tò ó ni Màmá náà ṣe tò ó! Àṣé ìdánwò ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ìyá yìí. Ẹni tó fún gbogbo ọmọ Oǹdó ní ìdánwò, òun ló ń sá fún ìdánwò yìí.

Kí n má parọ́ fún yín, inú Péjú kọ́kọ́ dùn. Ó dùn dáadáa. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé ó kàn yín wàyí, ẹ gun bẹ́ǹṣì. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ọwọ́ tó di gèlè mú yẹn, ó rí i tó ń gbọ̀n, ó sì mọ bí irú gbígbọ̀n yẹn ṣe ń dunni. Àánú Màmá ṣe é ju bó ṣe rò lọ.

“Jídé,” ó ní, “gbé nǹkan yẹn wá. Èmi ni kí o kọ́kọ́ fi dé.”

Ẹnu ya gbogbo wọn. Péjú ṣí wíìgì orí rẹ̀. Háà! Ọ̀gá onídìrí Isikan, dídì mẹ́ta gbàǹgbà-gbàǹgbà ló wà lábẹ́ ẹ̀, bíi ti ọmọ tó sá fún ìyá rẹ̀. Bímbọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. “Ẹ rọra rẹ́rìn-ín,” ni Péjú wí, “ta ló máa di tèmi fún mi?” Babájídé wá ibi tó máa gbé wáyà sí títí, ó fi jẹ́lì sí i. Òógùn ń ṣàn lójú Péjú. Ó fa Dókítà sún mọ́ra, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí i létí.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá rí i pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ẹ má sọ ọ́ sókè. Wọ́n ti sọ fún mi láti kékeré pé olódo ni mí.”

Dókítà Sherifat wò ó. Ọ̀rọ̀ ààwẹ̀, ọ̀rọ̀ orí fífọ́, ọ̀rọ̀ àlá pásítọ̀, gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan náà. “Ìyá Ìmọ́lẹ̀! Torí èyí lẹ ṣe ń sá fún wa? Ẹ̀rọ yìí kì í fún ènìyàn ní máàkì. Ó kàn ń gbọ́ iná kékeré tí ọpọlọ ń tàn bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń wo inú ọpọlọ ènìyàn, mi ò tíì bá ibi tí olódo ń gbé pàdé níbẹ̀.”

Ó yẹ kó rọra sọ ọ́, àmọ́ kò rọra. Péjú wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà ń fò! Ó ń fò lọ, ó ń fò bọ̀, kò dúró gbagidi. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omijé náà bọ́ lójú rẹ̀, ìlà sì fò dé òkè téńté.

“Ẹ má rẹ́rìn-ín, mà!” Babájídé pariwo. “Ẹ ń da gbogbo ẹ̀ rú!”

Bó ṣe ní kó má rẹ́rìn-ín ni ẹ̀rín tún ń pọ̀ sí i. Màmá náà ti na ọrùn, ó ń wo ìlà tó ń jó. Ẹ̀rín mú òun náà. Ó ní kí Péjú tún rẹ́rìn-ín kí òun wò ó, Péjú tún rín in, ìlà tún fò. Kò sẹ́ni tó tún bẹ Màmá. Òun fúnra rẹ̀ ló tú gèlè.

Wọ́n fi fìlà dé e. Dókítà ka àwọn ọ̀rọ̀ kan fún un pé kó rántí wọn, wọ́n ní kó sọ ìtàn kékeré, wọ́n ní kó pa ojú dé, kó là á. Ó rántí àwọn kan, àwọn kan sì ti lọ. Bí wọ́n ti ń lọ yẹn, ó mọ̀ pé wọ́n lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí fìlà lórí rẹ̀, kò wo Dókítà, kò sì wo Bímbọ́lá. Péjú ló yíjú sí, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Tíṣà, ṣé mo yege?”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wá sẹ́nu Péjú, ẹ mọ ọ̀rọ̀ náà, ó sì ti ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó ti ń gbé e káàkiri. Ó gbé e mì. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó gba ọwọ́ Màmá méjèèjì mú.

“Ẹ yege, mà. Ẹ̀yin lẹ gba ipò kìíní.”

Màmá mí kanlẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ti àga, ó wo ọmọ rẹ̀ tìgbéragatìgbéraga.

“Bímbọ́lá, ṣé o gbọ́? Kí lo wá ń dúró wò? Lọ gbé oúnjẹ wá fún tíṣà mi.”