Mọ́tò Bida Tó Ń Kùn Lẹ́nu Ọ̀nà Wa

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ ní Minna, kí òmìnira tó dé, ẹnu ọ̀nà wa ni mọ́tò Bida ti máa ń kó èrò láràárọ̀. Dírẹ́bà kì í pa ẹ́ńjìnnì rárá. Bí mọ́tò bá dákẹ́, èrò á ní kò tíì ṣe tán, wọn á lọ wọ òmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa kùn, tí èéfín á máa wọ yàrá iwájú tí ìyá ọkọ mi ń sùn sí. Ikọ́ fée ló ń bá wọn jà, a ò sì ní yàrá mìíràn.

Mo lọ bá dírẹ́bà náà lọ́jọ́ kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa á. Ìyá wa ò lè mí."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Haba, ìyàwó! Tí mo bá pa á, ṣé ìwọ lo máa bá mi pe èrò?"

Mo ní màá pè wọ́n. Ló bá pa á. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà, mo ń ké, "Sai Bida! Sai Bida!" Ọkọ mi ní mo dójú ti òun, ṣùgbọ́n èrò wọ mọ́tò náà. Nígbà tí mo padà sínú ilé, èéfín ti túká, ìyá dìde jókòó, wọ́n ń mí wẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, mọ́tò mẹ́ta ló tò síbẹ̀. Mo ké títí ohùn mi fi há, dírẹ́bà àná nìkan ló pa tirẹ̀. Èéfín àwọn tó kù tó láti kún yàrá náà.

Ìyá ò rí òjò ọdún yẹn.